HUD fún Corolla 2003 tókunbọ̀: ti OBD ni kí n rà àbí ti GPS?

Awakọ̀ Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí kí n tó lọ náwó. Corolla 2003 ni mò ń wà, tókunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, mo ti ń lò ó láti ọdún mẹ́rin, ẹ́ńjìnì ẹ̀ ṣì dáa gan-an, àmọ́ nǹkan méjì ló ń dà mí láàmú nídìí mítà eré ẹ̀. Àkọ́kọ́, máìlì ni wọ́n kọ gàdàgbà gadagba sí i, kilómítà tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ wá kéré jọjọ, ojú mi ò sì rí i dáadáa mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, tí mo bá ń lọ Ìbàdàn ní ìdájí, kí n tó wo ìsàlẹ̀ kí n tún gbójú sókè, kòtò ti dé iwájú mi. Ìkejì, ọfà ẹ̀ a máa dédé já wálẹ̀ sí òdo nígbà míì, màá wà lórí eré, ọfà á kàn wó lulẹ̀, tó bá ṣe díẹ̀ á tún gbéra padà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wa ló ní HUD, nǹkan pẹlẹbẹ kékeré kan báyìí tó gbé sórí dáṣíbọọ̀dù, iná ẹ̀ á tàn sí gíláàsì iwájú, ó ń rí iye eré tó ń sá níwájú ẹ̀ gan-an láì tẹrí ba. Ó wù mí púpọ̀. Mo wá rí i pé oríṣi ẹ̀ pọ̀, àwọn kan ní OBD, ìyẹn èyí tí wọ́n ń ki wáyà ẹ̀ bọ ihò tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, àwọn kan ní GPS, ìyẹn èyí tó ń lo sátẹ́láìtì, àwọn kan tiẹ̀ ní fóònù yín lẹ máa dojú ẹ̀ dé sórí dáṣíbọọ̀dù. Èwo ni kí n rà? Ṣé kò ní máa fa bátìrì mi gbẹ? Riwáyà àdúgbò wa sì sọ pé tí mo bá ki nǹkan bọ ihò yẹn, brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, máa jó, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn ló bà mí jù torí mo mọ iye tí wọ́n ń ta brain box ní Ládípọ̀. Ẹni tó bá ti lò ó rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lóye.

Ọmọ Muscle

Ẹ̀gbọ́n, ẹ rà á. Mo ti gbé e sínú Camry Muscle mi, 2008 ni, ó ti lé lọ́dún méjì báyìí, ti OBD ni mo rà, mi ò sì lè wakọ̀ láìsí i mọ́. Ẹ wò ó, tẹ́ ẹ bá ń sá 100 kilómítà ní wákàtí kan, èyí tí òfin FRSC fàyè gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lórí expressway, ọkọ̀ yín ń jẹ nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, tẹ́ ẹ bá wá bojú wolẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì péré kẹ́ ẹ lè wá kilómítà kékeré yẹn kàn, ẹ ti rin bíi mítà 56 láì rí iwájú. Lójú ọ̀nà tiwa níbí tí màálù lè ya jáde nínú igbó tí tírélà sì lè kú sáàárín títì láìsí iná lẹ́yìn, 56 yẹn pọ̀ jù.

Fífi sí i ò le rárá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ dáṣíbọọ̀dù lápá òsì sítíárìn, lókè ibi tẹ́sẹ̀ yín máa ń wà, ẹ máa rí ihò kan tó fẹ̀ lápá kan tó fún lápá kejì, ojú ihò kéékèèké 16 ló wà nínú ẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe fún títà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní in. Ẹ ki wáyà HUD bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wá fa wáyà náà gba ẹ̀gbẹ́ dáṣíbọọ̀dù jáde, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọ àlàfo tó wà níbi rọ́bà ilẹ̀kùn kó má bàa rọ̀ wálẹ̀ lọ há mọ́ ẹsẹ̀ bírékì, ẹ má fojú kékeré wo èyí o. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wọnú sẹ́tíìnì ẹ̀, ẹ yí máìlì sí kilómítà, wàhálà àkọ́kọ́ yín ti parí nìyẹn.

Àmọ́ ohun tó mú mi gbà pé owó mi ò ṣòfò kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ọjọ́ kan ní Berger, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ti há wa mọ́lẹ̀, AC wà ní títàn, ọfà ìgbóná inú dáṣíbọọ̀dù dúró sáàárín gbangba bó ṣe máa ń dúró, àfi bí HUD ṣe bẹ̀rẹ̀ sí ké. Mo wo nọ́ńbà ìgbóná omi ẹ̀, 90 tó máa ń wà ti di 106. Mo pa AC, mo ya sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, fáànù rádíétọ̀ kan ò yí mọ́. Ọfà yẹn, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, ooru lè lọ sókè díẹ̀ kó wálẹ̀ díẹ̀ kó má mì rárá, ìgbà tó bá máa fi kúrò láàárín, ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ sórí. Nọ́ńbà kì í fi nǹkan pa mọ́ fún ẹ. Ká ní mi ò rí i lọ́jọ́ yẹn, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni ǹ bá máa wá owó ẹ̀ kiri.

Tẹ́ ẹ bá wá tan án tẹ́ ẹ rí nọ́ńbà ní méjì méjì, ọ̀kan gun orí èkejì, ẹ má rò pé wọ́n ta ìbàjẹ́ fún yín. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, gíláàsì méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ tí rọ́bà fẹ́lẹ́ kan wà láàárín wọn, ojú ti inú ń dá iná padà, ojú ti ìta náà ń dá tiẹ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi fíìmù kékeré kan sínú páálí ẹ̀, òun lẹ máa lẹ̀ mọ́ gíláàsì kí nọ́ńbà lè jókòó síbi kan. Ọkọ̀ tó bá bá HUD wá láti kọ́ńpìnnì, wọ́n máa ń ṣe rọ́bà àárín gíláàsì yẹn kó nípọn lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, kí àwòrán méjèèjì lè bọ́ sórí ara wọn. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀.

Dírẹ́bà Ọ̀nà Jíjìn

Èmi ò ní bá yín jiyàn pé kò dáa, àmọ́ mo ti lò ó mo sì yọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ kí arákùnrin yìí lè mọ̀ kó tó rà. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ní HUD láti ilé, bí General Motors ṣe kọ́kọ́ fi sí Oldsmobile Cutlass Supreme kan ní 1988, ọ̀dọ̀ bàálù ogun ni wọ́n ti kọ́ ọ, dígí tó tẹ̀ kọrọdọ ló wà nínú wọn, òun ló ń mú kí nọ́ńbà yẹn dà bíi pé ó wà níta, bíi mítà méjì sí iwájú ẹ, nídìí bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́hùn-ún. Ojú ò ní ṣe wàhálà kó tó rí i. Èyí tí à ń rà lọ́jà yìí, iná lásán ló ń tàn sí gíláàsì, bí ẹ̀rọ ṣe jìnnà sí gíláàsì náà ni àwòrán ẹ̀ á ṣe jìnnà sí ẹ̀yìn gíláàsì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Torí náà, òótọ́ ni pé ẹ ò ní tẹrí ba mọ́, àmọ́ ojú yín ṣì máa wá sí tòsí kó tún padà lọ sọ́nà jíjìn, ẹni tó bá ti ń lo gíláàsì ìkàwé bíi tèmi máa mọ nǹkan tí mò ń sọ.

Ti alẹ́ ló tún wá lé mi sá. Èyí tí mo rà, nọ́ńbà mẹ́jọ ló ń tàn lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú àwọ̀ oríṣiríṣi, ojú títì ṣókùnkùn birimù, iná yẹn wá tàn yòò bí ìgbà tí wọ́n tanná ìyàwó síwájú mi. Tẹ́ ẹ bá máa rà á, ẹ ra èyí tí kò ní pọ̀ lójú, tó lè fúnra ẹ̀ dín iná kù tílẹ̀ bá ṣú. Eré àti ìgbóná omi, ó tán.

Riwáyà Mọ́kọ́lá

Ẹ dúró ná o, ẹ̀yin ará. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ló dáa, àmọ́ ẹ ti fò kọjá ibi tí àìsàn wà. Alàgbà sọ pé ọfà a máa já wálẹ̀ sí òdo. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí, ọdún 17 rèé tí mo ti ń ṣe wáyà ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Lára Corolla 2003 yẹn, sẹ́ńsọ̀ eré wà lára jíà nísàlẹ̀. Òun ló ń ka bí jíà ṣe ń yí, ó ń ta àmì mẹ́rin jáde tí ọ̀pá inú ẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀kan. Àmì yẹn kì í lọ sọ́dọ̀ brain box tààrà o, inú mítà dáṣíbọọ̀dù ló ń kọ́kọ́ gbà kọjá, mítà á tún un ṣe kó gún régé, mítà ló wá ń fi ránṣẹ́ sí brain box. HUD tí wọ́n ń pè ní ti OBD ńkọ́? Brain box ló ń bi léèrè. Ṣẹ́ ẹ ti rí i báyìí. Tí sẹ́ńsọ̀ bá dákẹ́ tàbí tí mítà bá dákẹ́, brain box ò gbọ́ nǹkan kan, HUD tuntun tẹ́ ẹ rà á já sí òdo lẹ́ẹ̀kan náà tí ọfà já sí òdo. Ẹ máa rò pé HUD ò dáa, kò sì ṣe nǹkan kan.

Torí náà kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi scanner yẹ̀ ẹ́ wò. Tẹ́ ẹ bá rí kódù P0500, ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ eré nìyẹn, tàbí wáyà ẹ̀, tàbí mítà fúnra ẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹnu wáyà tó wọ sẹ́ńsọ̀ yẹn wò kí wọ́n tó ní kẹ́ ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀, torí ibẹ̀ lọ́ìlì àti ẹrẹ̀ máa ń kó sí jù. Ẹ má fi sílẹ̀ nítorí pé ó ń gbéra padà fúnra ẹ̀, tó bá jẹ́ jíà ọ̀tọ́mátíìkì ni, brain box nílò eré yẹn láti fi mọ ìgbà tó máa yí jíà.

Ti GPS yàtọ̀, kò bi ọkọ̀ ní nǹkan kan, sátẹ́láìtì ló ń bi, kódà tí sẹ́ńsọ̀ bá kú pátápátá á ṣì máa sọ eré. Àmọ́ kò mọ̀ bóyá omi ń gbóná tàbí bátìrì ò gba iná. Tí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, èyí tó ní méjèèjì pọ̀ ni màá rà. Kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ń gbọ́ ISO 9141, ìyẹn èdè tí brain box yín fi ń sọ̀rọ̀, torí 2008 ni òfin Amẹ́ríkà tó sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọkọ̀ máa sọ èdè CAN, Corolla yín ti dàgbà ju ìyẹn lọ. Ọ̀pọ̀ HUD olówó pọ́ọ́kú, CAN nìkan ni wọ́n gbọ́, ẹ máa kì í bọ̀ ọ́, á kàn máa wò yín ni.

Ọ̀rọ̀ pé brain box máa jó yẹn, ẹ̀rù ni wọ́n fi bà yín. Ìbéèrè ni HUD ń bi, kì í kọ nǹkan kan sínú brain box. Ohun tó máa ń ba nǹkan jẹ́ ni kí ẹnì kan sọ pé wáyà ò dé, kó wá họ wáyà ọkọ̀ kó so ó mọ́ra wọn pẹ̀lú téèpù. Ẹ má gbà. Kí ó wọ ihò ẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é, tí kò bá wọ̀ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀.

Bátìrì ńkọ́? Ojú ihò kẹrìndínlógún nínú ihò yẹn so mọ́ bátìrì tààrà, iná wà níbẹ̀ bẹ́ ẹ tiẹ̀ yọ kọ́kọ́rọ́. HUD tó dáa á sùn tó bá ti rí i pé ẹ́ńjìnì kú, èyí tí kò dáa á máa mu iná mọ́jú. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ tì í, kẹ́ ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí iná ẹ̀ bá ṣì ń tàn, ẹ máa yọ ọ́ lálaalẹ́. Tí ọkọ̀ bá sì máa jókòó tó ọ̀sẹ̀ kan, ẹ yọ ọ́ láìwo ti pé ó ń sùn. Ojú HUD náà lẹ ti máa rí iye volt bátìrì, kó wà láàárín 13.5 sí 14.5 tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ bá rí 12 tó ń lọ sílẹ̀ lórí eré, alternator tó ń fún bátìrì níná ti ń dágbére, ẹ má dúró di ìgbà tí ọkọ̀ máa kú sọ́nà.

Kẹ́ ẹ má gbé e sórí ibi tí wọ́n kọ airbag sí níwájú èrò ẹ̀gbẹ́ yín o. Ibẹ̀ máa ń ṣí pẹ̀lú agbára, ohunkóhun tó bá wà lórí ẹ̀ ojú èèyàn ló ń lọ.

Ìyá Ìbejì Peckham

Bọ̀dá Òṣogbo, ẹ kú ìrìnnà. London ni mo wà, ti GPS ni mò ń lò torí ihò OBD mi, ẹ̀rọ ìnṣọ́ránsì ló wà níbẹ̀, mi ò lè yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ eré níbí ò dà bíi ti ilé, gbogbo òpópónà káńsù wa ní Southwark, máìlì 20 ni, ọkọ̀ òde òní sì ń sá 20 bíi pé ó dúró lójú kan, ẹsẹ̀ èèyàn á kàn rìn díẹ̀ o ti di 27, kámẹ́rà ti yà ẹ́. Owó ìtanràn £100 àti póìntì ìjìyà mẹ́ta lórí láìsẹ́ǹsì ló kéré jù. Ọmọ mi àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láìsẹ́ǹsì, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á tó bá kó póìntì mẹ́fà láàárín ọdún méjì, wọ́n á gba láìsẹ́ǹsì ọ̀hún padà, torí ẹ̀ ni mo ṣe ra HUD, kí nọ́ńbà yẹn máa wà lójú ẹ̀ nígbà gbogbo. Ó sì ń ràn án lọ́wọ́ gan-an, mo máa ń rí i tó ń yọ ẹsẹ̀ fúnra ẹ̀ láì jẹ́ pé mo pariwo.

Àlébù ẹ̀ ni pé láàárọ̀ ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó rí sátẹ́láìtì, ẹ ti lè dé ìta ilé kó tó bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ bírékì lójijì, nọ́ńbà á tẹ̀ lé yín lẹ́yìn ni. Tá a bá sì wọ Rotherhithe Tunnel báyìí, kò rí ojú ọ̀run mọ́, kò mọ nǹkan kan títí a fi máa jáde.

Nǹkan kan tẹ́nì kankan ò tíì sọ: gíláàsì òòrùn tí wọ́n ń pè ní polarised. Mo wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, HUD pòórá pátápátá, mo rò pé ó ti bàjẹ́, mo bọ́ gíláàsì ojú mi, ó padà yọ. Irú iná tí gíláàsì ọkọ̀ tàbí ike HUD ń dá padà gan-an ni polarised ń dí. Ẹ wọ èyí tó jẹ́ òòrùn lásán. Èmi ò sì lẹ fíìmù mọ́ gíláàsì iwájú torí wọ́n máa ń yẹ ibi tó dojú kọ dírẹ́bà wò fínnífínní nígbà MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún níbí, èyí tó ní ike tiẹ̀ tó ń dìde lórí ara ẹ̀ ni mo rà, iná ń tàn sórí ike yẹn, gíláàsì ọkọ̀ ò mọ̀ sí i.

Ọmọ Muscle

Mọ̀mí, ẹ ṣeun, ti ike yẹn bọ́gbọ́n mu gan-an. Fíìmù tèmi, oòrùn ti jẹ ẹ́, etí ẹ̀ ti ń ká sókè. Nílé níbí tẹ́ ẹ bá páàkì sínú oòrùn láti àárọ̀ dọ̀sán, dáṣíbọọ̀dù ò ṣeé fọwọ́ kàn, àtè tí wọ́n fi lẹ HUD fúnra ẹ̀ máa ń yọ́. Rọ́bà tí kì í yọ̀ ni mo tẹ́ sábẹ́ tèmi báyìí, mo sì máa ń yọ ọ́ sínú àpò ìjókòó tí mo bá fẹ́ pẹ́. Ọ̀gá riwáyà, mi ò mọ̀ rárá pé inú mítà ni eré ń gbà kọjá lára Corolla yẹn.

Awakọ̀ Òṣogbo

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lọ́nà. Mo ti ṣe bẹ́ ẹ ṣe sọ. Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ riwáyà mìíràn tó ní scanner, P0500 ló yọ gẹ́lẹ́ bí Ọ̀gá riwáyà ṣe sọ. Wọ́n gbé ọkọ̀ sókè, ẹnu wáyà tó wọ sẹ́ńsọ̀ ti kún fún ọ́ìlì, kílíìpù ẹ̀ ti kán, ó kàn ń mì lọ mì bọ̀ ni. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n pààrọ̀ ẹnu ẹ̀, wọ́n pa kódù ẹ̀ rẹ́. Ká ní mo ti lọ ra HUD tààrà ni, màá ti bá ọlọ́jà jà.

Èyí tó ní OBD àti GPS pọ̀ ni mo rà, mo gba Gbọ̀ngán lọ Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú ẹ̀. Bírọ̀dá Ọ̀nà Jíjìn, mo pa gbogbo nọ́ńbà yòókù, eré àti ìgbóná omi nìkan ló kù, kò yọ mí lẹ́nu lójú. Ohun kan ló ṣẹ́ kù tó ń rú mi lójú: tí mo bá gbé e sí OBD, á sọ pé 95, tí mo bá yí i sí GPS lójú ọ̀nà tó tẹ́ kan náà, á sọ pé 92. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Riwáyà Mọ́kọ́lá

Alàgbà, inú mi dùn. Tí ojú ọ̀nà bá tẹ́, tẹ́ ẹ sì di eré mú lójú kan, GPS ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Jíà ni sẹ́ńsọ̀ ń kà, kò mọ bí táyà ṣe tóbi tó, tí táyà bá ti jẹ tàbí tó kéré sí èyí tí ọkọ̀ bá wá, ó máa sọ ju eré gidi lọ. Ẹ wọnú sẹ́tíìnì, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń tún eré ṣe, ó máa wà lórí 100, ẹ gbé e wá sí 97, 95 yẹn á di 92. Tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ táyà, kẹ́ ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.